Ǹjẹ́ ara ẹni tó ń sáré ọ̀nà jíjìn lè kọ̀ láti gbọ́ràn sí ínsúlínì, èròjà inú ara tó ń mú kí ṣúgà kúrò nínú ẹ̀jẹ̀?

Bẹ́ẹ̀ ni, ó lè ṣẹlẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé eré sísá ń dín ewu náà kù gidigidi. Nígbà tí iṣan ẹsẹ̀ bá ń ṣiṣẹ́, ó lè fa ṣúgà láti inú ẹ̀jẹ̀ láìdúró de ínsúlínì, ara a sì túbọ̀ máa gbọ́ràn sí ínsúlínì fún bí ọjọ́ kan sí méjì lẹ́yìn eré náà. Ṣùgbọ́n àjogúnbá, ọjọ́ orí àti àìsùntó lè borí àǹfààní yìí.

Ọ̀rọ̀ ọ̀rá ló yani lẹ́nu jù. Iṣan àwọn eléré wọ̀nyí máa ń ní ọ̀rá nínú bíi ti ẹni tó ní àtọ̀gbẹ oríṣi kejì, síbẹ̀ ara tiwọn ń gbọ́ràn, nítorí pé wọ́n ń lo ọ̀rá náà tán, wọ́n sì ń fi òmíràn rọ́pò rẹ̀ lemọ́lemọ́. Triglyceride (irú ọ̀rá kan) inú ẹ̀jẹ̀ wọn sábà máa ń lọ sílẹ̀, HDL wọn (kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù tó dára) a sì ga. LDL (kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù tí kò dára) kò rí bẹ́ẹ̀: oúnjẹ àti àjogúnbá ló ń darí rẹ̀ ju eré lọ, débi pé ẹni tó pẹ́lẹ́ńgẹ́, tó pa oúnjẹ afúnnilágbára (bí ìrẹsì, iṣu àti búrẹ́dì) tì, tó wá gbára lé bọ́tà àti ọ̀rá ẹran, lè rí i kó fò sókè.

Àyẹ̀wò pàápàá lè tanni: ẹni tí kì í jẹ oúnjẹ afúnnilágbára tó ní láti máa jẹ ó kéré tán gíráàmù 150 rẹ̀ lójúmọ́, fún ọjọ́ 3, kí ó tó lọ ṣe àyẹ̀wò olómi ṣúgà, èyí tí wọ́n ti ń fún ni ní omi ṣúgà mu kí wọ́n tó wọn ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀.