Ṣé kí n máa lé àwọn peer (àwọn tí a jọ ń pín fáìlì) tí kò fún mi ní nǹkan kan?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Dátà fóònù ni mo ń lò, mo fi qBittorrent (ètò tí wọ́n fi ń pín fáìlì lọ́nà BitTorrent) ń gba ISO Linux kan, ìyẹn fáìlì tí wọ́n fi ń gbé Linux sórí kọ̀ǹpútà. Nínú 40 peer tó wà níbẹ̀, bóyá 3 ló ń fún mi ní nǹkan. Ọ̀rẹ́ mi ní kí n ban (lé) ìyókù, kí n sì fi upload mi, ìyẹn iyára tí mo fi ń fún àwọn ẹlòmíì ní nǹkan, sí 1 KiB/s. Ṣé kí n ṣe bẹ́ẹ̀?

Ìdáhùn: Rárá o. Ẹ má ban ẹnikẹ́ni. Ìmọ̀ràn yìí ti sú mi. Iṣẹ́ tí BitTorrent ń dá ṣe láti 2001 ni wọ́n ní kí ẹ máa fọwọ́ ṣe.

Ní ìṣẹ́jú àáyá 10-10, kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan máa ń wo ẹni tó ń fún un ní nǹkan jù. Àwọn bíi mẹ́rin ló máa ń ṣílẹ̀kùn fún, á sì ti ìyókù mọ́ta. Ìyẹn ni choke. Agbà-má-fúnni ti ń jìyà kí ẹ tó dé. Àmọ́ ní ìṣẹ́jú àáyá 30-30, ó máa ń ṣílẹ̀kùn fún ẹnì kan ṣáá, yálà onítọ̀hún ti fún un ní nǹkan tàbí kò tíì fún un. Ibẹ̀ ni ẹni tuntun ti ń rí piece (ègé fáìlì) àkọ́kọ́ tí òun náà á fi bẹ̀rẹ̀ sí í pín. Ẹni tuntun yẹn gan-an lẹ fẹ́ lé. Tí ẹ bá wá fi upload sí 1 KiB/s, ẹ̀yin lẹ di agbà-má-fúnni, ìlẹ̀kùn á sì tì mọ́ yín.

Ẹ wo òpó Flags ní abala Peers. "d" kékeré: ẹ̀ ń fẹ́ nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀, kò tíì ṣílẹ̀kùn. "K": ó ti ṣí i, àmọ́ kò ní ohun tí ẹ kò ní. "I": òun ló wá kàn yín. Tí ẹ kò bá rí "I" kankan lẹ́yìn wákàtí kan, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ẹ̀yin ni wọn kò lè kàn. Ẹni méjì tí wọn kò lè kàn kì í sábà rí ara wọn.

Ẹ wo IP address (nọ́ńbà àdírẹ́sì lórí íńtánẹ́ẹ̀tì) fóònù yín nínú About phone. Tó bá bẹ̀rẹ̀ láti 100.64 dé 100.127, tàbí 10., CGNAT ni: ẹ̀yin àti ọ̀pọ̀ èèyàn lẹ jọ ń lo àdírẹ́sì kan. UPnP, tí ètò fi ń ní kí router ṣí ọ̀nà fúnra rẹ̀, kò lè ṣí i. Ẹ bèèrè public IP (àdírẹ́sì tó jẹ́ tiyín nìkan) lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù yín, tàbí kí ẹ lo VPN (iṣẹ́ tó ń gba ọ̀nà tirẹ̀ gbé dátà yín) tó ń fúnni ní port forwarding, ìyẹn ni pé ó ń darí ẹni tó bá kan port (ẹnu-ọ̀nà tó ní nọ́ńbà) kan wá sọ́dọ̀ yín. Ní ti router ilé, ẹ mú port kan láàárín 49152 sí 65535, kí ẹ forward TCP àti UDP rẹ̀ (oríṣi ọ̀nà méjì tí dátà ń gbà) méjèèjì. Ẹ gba qBittorrent láyè nínú firewall (ẹ̀ṣọ́ tó ń dí ọ̀nà mọ́ àlejò tí kò yẹ lórí kọ̀ǹpútà), ẹ má pa firewall o! Tí wàhálà bá wọlé, ọwọ́ mi ò sí níbẹ̀.

Ẹ fi upload sí nǹkan bí 80% iyára tí ẹ wọ̀n. Tó bá kún pátápátá, èsì tí kọ̀ǹpútà yín ń dá padà fún ohun tó gbà á há sọ́nà, download náà á sì fà. Upload ń jẹ dátà, nítorí náà ẹ fi ratio (ìwọ̀n ohun tí ẹ fúnni sí ohun tí ẹ gbà) sí 1: ISO 3 GB á jẹ tó 6 GB, lẹ́yìn náà á dá dúró fúnra rẹ̀.