Sí ẹni tí àbúrò rẹ̀ fẹ́ kọ́ṣẹ́ fọ́tò n'Íbàdàn

Ẹ̀gbọ́n, mo rí ìbéèrè yín. Àbúrò yín fẹ́ kọ́ṣẹ́ fọ́tò ní Mọ́kọ́lá, ẹ wá ń bẹ̀rù pé fóònù ti gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣe é. Iṣẹ́ tí mo fi tọ́ ọmọ nìyẹn, kì í ṣe àgbọ́sọ.

Láyé fíìmù, àwòrán orí bébà là ń tà. Àwòrán 36 péré ló wà nínú róòlù kan, ìdí nìyẹn tí a fi ń pariwo "ẹ má ṣẹ́jú o!" ká tó tẹ̀ ẹ́. Ọ̀dọ̀ wa sì ni négátíìfù, ìyẹn fíìmù tí a ti fọ̀ tí a fi ń tẹ àwòrán jáde, ń gbé. Ẹni tó bá fẹ́ ẹ̀dà míì, ì báà jẹ́ lẹ́yìn ọdún márùn-ún, á padà wá sanwó. Páálí bàtà tí mo ń kó négátíìfù sí, owó ilé-ìwé àwọn ọmọ ló wà níbẹ̀.

Ẹ wá wo òde àríyá. A ó ya àlejò tán, ẹnìkan á sáré gbé fíìmù lọ sí láàbù ní Dùgbẹ̀. Kí wọ́n tó jẹun tán, àwòrán ti wà lórí ẹní lẹ́nu ọ̀nà, olúkúlùkù ń wá ojú ara rẹ̀. Ìyá kan á mú tirẹ̀, á ní, "Ẹ ti jẹ́ kí n dúdú jù, ẹ dín owó rẹ̀." Bó ṣe ń sọ ọ́ náà ló ń ṣí báàgì. Lónìí, á ní kí ẹ fi ránṣẹ́ sórí WhatsApp òun, ó ti lọ nìyẹn. Ẹ̀yin tí ẹ ti tẹ bébà, ta lẹ fẹ́ ta ojú olójú fún?

Fọ́tò pásípọ́ọ̀tù náà bọ́ mọ́ wa lọ́wọ́. Àwọn bánkì bẹ̀rẹ̀ BVN ní 2014, kámẹ́rà tiwọn ni wọ́n fi ń ya èèyàn. JAMB di orí kọ̀ǹpútà pátápátá ní 2015. Ibi tí ọmọ ti ń forúkọ sílẹ̀ ni wọ́n ti ń ya á. Àsìkò fọ́ọ̀mù, tó jẹ́ ìkórè wa, di ọjọ́ lásán. Kodak pàápàá, iléeṣẹ́ ńlá tó ń ṣe fíìmù, tí òṣìṣẹ́ wọn Steven Sasson ti ṣe kámẹ́rà tí kò lo fíìmù láti 1975, kò ríbi yẹ̀ ẹ́ sí: oṣù Kìíní 2012 ni gbèsè lé wọn dé ilé ẹjọ́.

Èyí tó ṣì ń mówó wá ni fọ́tò búùkù ìgbéyàwó, férémù ńlá, àti àwòrán òkú àgbà. Wọn á gbé àwòrán bàbá wọn wá, ikán ti jẹ etí rẹ̀, wọ́n fẹ́ fi ṣe pósítà ìsìnkú. Ọmọkùnrin kan ti kọ́kọ́ fi AI orí fóònù tún ti bàbá rẹ̀ ṣe kó tó wá. Ẹ̀rọ yẹn ka ilà àbàjà ojú bàbá sí ibi tí bébà ti ha, ó pa gbogbo rẹ̀ rẹ́. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wò ó, ó ní, "Ta nìyí?" Mo jókòó ti kọ̀ǹpútà, mo dá àwọn ilà náà padà lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọn ò tiẹ̀ ná owó tí mo pè.

Tí àbúrò yín bá máa kọ́ ọ, kó wá ọ̀gá tó ṣì ń tẹ bébà, tó sì mọ kọ̀ǹpútà lò. Kó má tíì ra kámẹ́rà. Ti ọ̀gá ni kó máa lò. Kó sì kọ́ bí wọ́n ṣe ń gba àsansílẹ̀, kó máa sọ iye àwòrán tó máa fún oníyàwó kí ọjọ́ tó kò, torí lẹ́yìn ìgbéyàwó, gbogbo ẹ̀ pátá ni wọ́n máa ní kó kó sínú fláàṣì fún àwọn.