Omi kọ́ ló pa fìlà bàbá mi, ooru ni

Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fa áyọ́ọ̀nù yẹn yọ lára iná ná. Ẹ ní òjò pa fìlà fẹ́ẹ̀tì (felt) dúdú yín níbi òde ọjọ́ Sátidé, etí rẹ̀ ti wálẹ̀, ẹ sì fẹ́ lọ̀ ọ́ kó lè tètè nà. Bó bá ṣì tutù, inú mi dùn, ọ̀nà ṣì wà. Èmi tí mò ń sọ̀rọ̀ yìí ti fi ọwọ́ ara mi pa ọ̀kan rí.

Ti bàbá mi ni. Ìlàjẹ ni wá. Lọ́dọ̀ wa, àgbà ọkùnrin tó bá ń lọ òde, fìlà fẹ́ẹ̀tì wà lórí rẹ̀, ọ̀pá wà lọ́wọ́. Aláwọ̀ eérú ni ti bàbá wa, iṣẹ́ iléeṣẹ́ Stetson ti Amẹ́ríkà, bàbá kì í sì í jẹ́ ká gbàgbé pé ọdún 1865 làwọn yẹn bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe fìlà ní Philadelphia. Nígbà tí wọ́n papòdà, èmi ni wọ́n gbé e fún.

Oṣù keje ọdún 2014 là ń lọ sìnkú ìyá àgbà kan ní Ayétòrò, ìlú etí òkun nílẹ̀ Ìlàjẹ. A wọ ọkọ̀ ojú omi ní Ìgbókòdá, òjò sì ká wa mọ́ àárín omi. Tapólì tí wọ́n nà bò wá kò ju ti orúkọ lọ: òjò ń ti òkè bọ̀, omi ń ta sí wa láti ẹ̀gbẹ́. Nígbà tá a fi máa gúnlẹ̀, etí fìlà ti so wálẹ̀ bí etí ajá tó ń sùn.

Mo kù gìrì. Mo fún un bí ẹni ń fún aṣọ tó ń bọ̀ nínú ọṣẹ, mo wá lọ gbé e sí ẹ̀yìn jẹnẹrétọ̀ àwọn onílù, níbi tí ooru ti ń tú jáde. Kò tó wákàtí kan tó fi gbẹ. Ó gbẹ lóòótọ́. Mo gbé e dé, ó jókòó sí àtàrí mi bí ọmọrí ìkòkò kékeré lórí ìkòkò ńlá. Awọ tó yí inú rẹ̀ ká, èyí tó ń gba òógùn, ti ká kò bíi pọ̀nmọ́ tó kan iná. Àbúrò bàbá mi wò mí títí, wọ́n ní, "Fìlà ẹ̀gbọ́n mi dà?" Mo ní òun náà rèé. Wọn ò tún bá mi sọ̀rọ̀ títí tá a fi sìnkú tán.

Ohun tí mi ò mọ̀ nígbà náà ni pé fẹ́ẹ̀tì kì í ṣe aṣọ tí wọ́n hun. Kò sí òwú nínú rẹ̀. Irun ni: irun àgùntàn ni ti èyí tí owó rẹ̀ mọ níwọ̀n, irun ehoro tàbí ti ẹranko odò tí wọ́n ń pè ní beaver ni ti àwọn olówó gọbọi. Wọ́n á rin ín, wọ́n á fún un ní ooru, wọ́n á máa tẹ̀ ẹ́, títí irun yẹn á fi wọnú ara wọn di odindi. Ẹ wá wò ó: bí omi àti ooru bá tún pàdé lára rẹ̀ nínú ilé yín, iṣẹ́ ọjọ́sí ló tún bẹ̀rẹ̀ yẹn, á máa sún mọ́ra, á máa kéré sí i. Omi nìkan ò lè ṣe é tó bẹ́ẹ̀.

Nítorí náà, ẹ gbọn omi orí rẹ̀ dànù. Ẹ mú táwẹ́ẹ̀lì funfun, kí ẹ máa fi tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́. Ẹ má nù ún, ẹ má fún un. Mo ní funfun nítorí pé táwẹ́ẹ̀lì aláràbarà lè kó àwọ̀ ran fìlà. Ti fìlà dúdú náà lè ran táwẹ́ẹ̀lì, kí ìyàwó ilé mọ̀ ṣáájú. Bó bá jẹ́ omi òkun ló ta sí i bíi tèmi, ẹ kọ́kọ́ fi aṣọ tí ẹ rẹ sínú omi kànga tẹ ibẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, iyọ̀ á fa ìlà funfun sí etí ríbọ́ọ̀nù.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í ṣe nìyí. Ẹ fa awọ inú yẹn síta yíká, kí ẹ wá gbé fìlà dúró lórí awọ náà, bí ìgbà tí àga dúró lórí ẹsẹ̀. Etí fìlà ò gbọdọ̀ kan tábìlì. Bó bá kàn án, omi á sọ̀ kalẹ̀ síbẹ̀, etí á sì gbẹ pẹrẹsẹ bí abọ́ ìjẹun. Kó tó gbẹ, ẹ fi ọwọ́ tún orí rẹ̀ ṣe, ẹ ti ibi tó wọnú síta láti inú. Ẹ lè fi aṣọ funfun gbígbẹ kún inú rẹ̀, kì í ṣe ìwé ìròyìn. Yíǹkì á yọ́ sí i.

Ẹ wá fi í sílẹ̀ nínú yàrá tí atẹ́gùn ń wọ̀. Fáànù ò burú. Oòrùn, dráyà, iwájú mọ́tò, ẹ̀yìn jẹnẹrétọ̀: rárá. Lásìkò òjò, tèmi máa ń gbà tó ọjọ́ méjì. Ẹ fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan inú orí rẹ̀ lọ́hùn-ún. Bó bá ṣì tutù sí yín lọ́wọ́, kò tíì gbẹ.

Bó bá gbẹ tán, búrọ́ọ̀ṣì irun ọmọ ọwọ́ ni mo fi ń gbá irun rẹ̀, kí ó lè sùn síbi kan náà. Kì í ṣe búrọ́ọ̀ṣì bàtà o, mo ti rí ẹni tó fi pólíìṣì kun fìlà ìgbéyàwó.

Bí etí bá ṣì wọ́, ẹ gbé omi kaná. Nígbà tó bá hó, ẹ fi ọwọ́ méjèèjì di fìlà mú lókè oru rẹ̀, ní ìwọ̀n àtàǹpàkò sí ọmọńdinrín tẹ́ ẹ bá na ọwọ́, fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀. Ẹ gbé e kúrò, ẹ tẹ̀ ẹ́ sí bí ẹ ṣe fẹ́, kí ẹ dì í mú títí á fi tutù. Ẹ ó ní ṣé ooru kọ́ nìyẹn? Ooru ni, ṣùgbọ́n kò pẹ́, fìlà sì ti gbẹ. Bí ọwọ́ yín ò bá lè gbà á, ẹ ti sún mọ́ ọn jù. Ẹ má jẹ́ kí oru kan awọ inú.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ máa dojú rẹ̀ dé, orí nílẹ̀, etí lókè. Ẹ má fi ọ̀rá dì í lásìkò òjò, á hu ebu. Káńfọ̀ díẹ̀ nítòsí rẹ̀, nítorí kòkòrò fẹ́ràn irun.

Bí ẹ bá ti lọ̀ ọ́ kí ẹ tó rí èyí, tí ibì kan ń dán, oru àti búrọ́ọ̀ṣì lè gbé irun rẹ̀ dìde díẹ̀. Èyí tó bá sì ti sún kì, wọ́n ń ta igi tí wọ́n fi ń na inú fìlà. Ẹ fún un ní oru, kí ẹ fi igi náà nà án díẹ̀díẹ̀. Ti bàbá mi kò gbọ́. Ọmọ mi tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́jọ ló ń dé e báyìí, ó sì bá orí rẹ̀ mu rẹ́gí.