Ẹ má tíì ra ẹ̀rọ aláìlókùn yẹn

Ọ̀gá mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ ní àwọn oníbàárà máa ń pagbo yí yín ká láti yọjú wo fọ́tò lẹ́yìn kámẹ́rà, pé ẹ wá fẹ́ ra ẹ̀rọ tó ń gbé àwòrán lọ sórí skírìn láìlo okùn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú owó yẹn dání ná. Mo ti ra irú rẹ̀ rí. Nínú stúdíò ó ń ṣiṣẹ́ wẹ́rẹ́, àmọ́ tí a bá ti dé gbọ̀ngàn tí èrò kún, tí fóònù gbogbo èèyàn wà lórí Wi-Fi àti hotspot, ńṣe ni àwòrán á máa já. Ìsàlẹ̀ báàgì ló wà báyìí.

Okùn HDMI ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ ti orí kan bọ kámẹ́rà, ẹ ti ìkejì bọ tẹlifíṣọ̀n, ohun tí ẹ̀ ń rí lẹ́yìn kámẹ́rà á yọ síbẹ̀. Kò gba dátà. Ṣùgbọ́n ẹ wo ihò kámẹ́rà yín kí ẹ tó lọ ra okùn, wọn ò rí bákan náà. Mini, ìyẹn ihò HDMI kékeré, ni ti Canon 5D Mark IV àti Nikon D850. Micro, tó tún kéré sí Mini, ni ti Sony A7 III àti Canon R6. Ti Sony A7S III ló tóbi bíi ti tẹlifíṣọ̀n.

Micro yẹn ni kí ẹ bẹ̀rù. Lọ́jọ́ ìgbéyàwó kan n'Íbàdàn, mo so kámẹ́rà mọ́ tẹlifíṣọ̀n yàrá hòtẹ́ẹ̀lì kí ìyá ìyàwó lè máa rí wa láti orí àga rẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀rẹ́ ìyàwó gbé ife tíì kọjá, ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ́ okùn. Kámẹ́rà ò bọ́, ọrùn mi ló wà. Ihò yẹn ló yẹ̀ díẹ̀, bí eyín ọmọdé tó ń mì. Láti ìgbà náà, tí mo bá ti okùn bọ̀ ọ́, àwòrán á wá, á tún lọ. Ẹni tó bá mi tú u sọ pé ara bọ́ọ̀dù ńlá inú kámẹ́rà ni ihò náà wà, pé odindi bọ́ọ̀dù la máa pààrọ̀. Owó tó pè ju gbogbo ohun tí mo gbà lórí iṣẹ́ ọjọ́ náà lọ.

Nísinsìnyí, mo máa ń kọ́kọ́ so okùn mọ́ òrùka tí bẹ́líìtì kámẹ́rà ń gbà kọjá, màá fi díẹ̀ sílẹ̀ kó dẹ̀, kí ẹni tó bá fà á fa òrùka, kó má fa ihò. Èyí tó bá wà nílẹ̀, màá fi téèpù lẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀.

Ní stúdíò, okùn USB àti láàpútọ́ọ̀pù ló dáa jù, torí fọ́tò fúnra rẹ̀ ló ń wọlé, ẹ lè fà á tóbi láì fọwọ́ kan kámẹ́rà. Ẹ máa nílò áàpù lórí láàpútọ́ọ̀pù tó ń gba fọ́tò wọlé: ọ̀fẹ́ ni EOS Utility ti Canon, NX Tether ti Nikon àti Imaging Edge ti Sony. Capture One àti Lightroom ni ẹ máa sanwó fún. Okùn USB 2 kò gbọdọ̀ ju mítà 5 lọ. Kí ẹ sì yàn án kí fọ́tò máa wọ káàdì inú kámẹ́rà pẹ̀lú, nítorí iná, ẹ mọ bí tiwa ṣe rí. Tó bá jẹ́ tábúlẹ́ẹ̀tì lẹ fẹ́ lò, áàpù bíi Camera Connect ti Canon tàbí SnapBridge ti Nikon á ṣe é, ṣùgbọ́n JPEG kékeré, ìyẹn fọ́tò tí wọ́n ti fún pọ̀, ni kí ẹ máa fi ránṣẹ́. RAW, ìyẹn fáìlì ńlá tí kámẹ́rà kò tíì fún pọ̀ di JPEG, á pẹ́ débi tí oníbàárà á fi sùn.

Ta ló yẹ kó jókòó síwájú skírìn? Kì í ṣe ìyàwó o. Ẹni tó wé gèlè fún un ni. Nígbà kan, mo ti ya bí ogójì fọ́tò, gbogbo ẹ̀ dán lẹ́yìn kámẹ́rà. Ìgbà tó bọ́ sórí mọ́nítọ̀ íńṣì 24 ni awégèlè pariwo: orí píìnì kan ń tàn yanran lókè etí òsì. Ó sáré lọ tì í bọnú, a tún bẹ̀rẹ̀. Ìyàwó ní tirẹ̀, tó bá ń wo gbogbo rẹ̀ bó ṣe ń wọlé, kò ní pẹ́ tí á fi kórìíra àgbọ̀n ara rẹ̀, ojú rẹ̀ á sì le. Mo máa ń kọ ẹ̀yìn skírìn sí i, màá pè é wá wo mẹ́ta tàbí mẹ́rin tó dáa jù.

Àwọ̀ tẹlifíṣọ̀n hòtẹ́ẹ̀lì ńkọ́? Irọ́ ni. Orí Vivid, ètò tó ń mú kí àwọ̀ le jù, ni ọ̀pọ̀ wọn máa ń wà, ojú gbogbo èèyàn á pọ́n bí ẹni fi osùn para. Ẹ yí i sí Movie tàbí Cinema, kí ẹ sì fi histogram kámẹ́rà, àtẹ tó ń fi bí ibi tó mọ́lẹ̀ àti ibi tó ṣókùnkùn ṣe pọ̀ tó hàn, mọ̀ bóyá ìmọ́lẹ̀ tó. Irú kámẹ́rà wo lẹ tiẹ̀ ń lò? Ẹ ò dárúkọ rẹ̀.