Ta Ló Ní Kí O Dá Oògùn Dúró?

Nínú lẹ́tà tí o kọ sí mi, ojú ìwé méjì gbáko lo fi ṣàlàyé àtòjọ iṣẹ́ àárọ̀ rẹ: ohun mẹ́sàn-án tó gbọ́dọ̀ parí kí agogo mẹ́wàá tó lù. O ní ẹyọ kan lo máa ń rí ṣe, kí n kọ́ ọ bí wàá ṣe ṣe é tán. Inú àkámọ́ lo wá fi èyí há sí: “mo ti dá oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì tí dókítà fún mi dúró lọ́sẹ̀ tó kọjá, torí ara mi ti yá.” Inú àkámọ́!

Oògùn tí o ti lò fún oṣù márùn-ún, o gé e lójijì. Òòyì ń kọ́ ọ, oorun ò kùn ọ́, orí ń ṣe ọ́ bíi pé iná gbé ọ, o ní ìrẹ̀wẹ̀sì yẹn ló padà dé. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n gígé irú oògùn bẹ́ẹ̀ lójijì máa ń fa gbogbo èyí láàárín ọjọ́ mélòó kan, nígbà tó jẹ́ pé ìrẹ̀wẹ̀sì sábà máa ń rọra padà wọlé ni. Pe dókítà lónìí, má dúró de ọjọ́ àdéhùn. Má sì dá a lò padà fúnra rẹ, má gbé méjì mì dípò èyí tí o fò. Wọ́n sábà máa ń ní kí èèyàn ṣì lò ó fún nǹkan bí oṣù mẹ́fà lẹ́yìn tí ara bá ti yá, kí wọ́n tó máa dín in kù díẹ̀díẹ̀.

Bó bá ń ṣe ọ́ bíi kí o pa ara rẹ, ilé ìwòsàn ni, lójú ẹsẹ̀, pẹ̀lú ẹni tí kò ní fi ọ́ sílẹ̀.

Àtòjọ yẹn, ya á. Mú ẹyọ kan, kí o gé e kéré débi tí wàá lè ṣe é lọ́jọ́ tó burú jù. Ìwẹ̀ pọ̀ jù? Bọ́jú. Eré sísá ńkọ́? Wọ bàtà, dúró níta fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Àkókò kan náà ni lójoojúmọ́, má retí kó kọ́kọ́ wù ọ́. Nínú ìrẹ̀wẹ̀sì, ṣíṣe ló ń ṣáájú, wíwù ló ń tẹ̀ lé e. Kọ bí ara ṣe rí sílẹ̀ ṣáájú àti lẹ́yìn rẹ̀, láti 0 dé 10, torí ìrẹ̀wẹ̀sì máa ń purọ́ pé kò sí ìyàtọ̀. Ó di lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan kí o tó fi ìkejì kún un. Ọjọ́ tí ara bá fúyẹ́ ni kí o ṣọ́ra jù: irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ lo ṣe mẹ́sẹ̀ẹ̀sán, tí o sì fi ọjọ́ mẹ́ta sùn sílé.

Bí àyà bá ń já, fa èémí sínú bí o ṣe ń kà dé 4, jẹ́ kó jáde bí o ṣe ń kà dé 6, fún ìṣẹ́jú mẹ́ta.

Títí òòyì yẹn yóò fi lọ, má wa mọ́tò.