Fáànù ọkọ̀ tó ń fẹ́ tó tún ń dákẹ́: ẹ kọ́kọ́ mọ ibi tí iná ti ń já

Ẹ ní fáànù tó ń fẹ́ atẹ́gùn sínú ọkọ̀ yín máa ń ṣàdédé dákẹ́, pé tí táyà bá kó sí kòtò ó tún lè sọjí, àti pé ẹ ti pààrọ̀ fíúùsì lẹ́ẹ̀mejì lásán. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì ra nǹkan kan mọ́. Fíúùsì tó bá ti jó kì í jí padà. Bí fáànù bá ń dákẹ́ tó sì ń padà ṣiṣẹ́ fúnra rẹ̀, ibì kan ni iná ti ń já tó tún ń so. Ẹ kàn wò ó bóyá ẹsẹ̀ fíúùsì náà jókòó le, tí kò sì dúdú.

Ohun tó yẹ kí ẹ wá rèé: lásìkò tí fáànù dákẹ́ gan-an, ṣé iná dé ara bulówà, ìyẹn mọ́tò kékeré tó ń yí fáànù, àbí kò dé ibẹ̀? Ibẹ̀ ló ń dàrú mọ́ ọ̀pọ̀ rewáyà lójú, torí kí ọkọ̀ tó dé iwájú wọn, fáànù á ti máa fẹ́, mítà tí wọ́n fi ń wọn iná á sì ní kò sí wàhálà. Ẹ jẹ́ kí gílóòbù bá yín ṣọ́ ọ.

Ẹ wá gílóòbù bíréèkì kan, ti 12 fóòtì (volt), 21 wáàtì. Ẹ so wáyà gígùn méjì mọ́ ọn, kí ẹ fi fíúùsì 5 ámúpù sára ọ̀kan. Bulówà sábà máa ń wà lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, níwájú ẹsẹ̀ ẹni tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀. Láìyọ sọ́kẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ẹ ti ẹnu wáyà yín bọ ẹ̀yìn rẹ̀, ọ̀kan sára wáyà nínípọn kọ̀ọ̀kan, kí irin méjèèjì má fara kanra. Ẹ gbé gílóòbù síbi tí ẹlòmíì á ti lè máa wò ó, kó má kan rọ́ọ̀gì, torí ó máa ń gbóná. Ẹ yí fáànù sí ipò tó le jù, kí ẹ wa ọkọ̀ gba ọ̀nà gbágungbàgun.

Tí fáànù bá dákẹ́ tí gílóòbù ṣì mọ́lẹ̀ kedere, iná ń dé. Ẹ fi ẹ̀yìn sukurudíráfà gbá abẹ́ bulówà jẹ́jẹ́. Bó bá sọjí, kábọ́ọ̀nù inú rẹ̀, ìyẹn èyí tó ń gbé iná wọ ibi tó ń yí, ló ti jẹ tán. Bulówà odindi ni kí ẹ pààrọ̀, torí irin tí kábọ́ọ̀nù ń fi ara rá á ti ní ojú ọgbẹ́, á sì tètè jẹ tuntun náà. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó dá bulówà lẹ́bi, ẹ yọ sọ́kẹ́ẹ̀tì kí ẹ wo inú rẹ̀. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni gílóòbù ti ń gba iná, kò lè rí ẹnu tí kò di ara wọn mú. Ó máa ń dùn mí tí wọ́n bá ra bulówà tuntun, tó sì jẹ́ pé sọ́kẹ́ẹ̀tì ló yọ́.

Ẹ ó mọ èyí tó yọ́: ike rẹ̀ á ti pọ́n, ẹnu ihò kan á ti wú, irin inú rẹ̀ á ti ṣì. Bulówà lè fa 20 ámúpù ní ipò tó le jù. Bí ìdènà, ìyẹn ohun tí kì í jẹ́ kí iná kọjá geerege, bá wà ní ìwọ̀n 0.1 óòmù péré níbi tí irin ti pàdé irin, ooru 40 wáàtì ló ń jáde níbẹ̀, bíi ti áyọ́ọ̀nù tí wọ́n fi ń jó lẹ́ẹ̀dì. Bó ṣe ń gbóná ló ń tú sí i. Ẹ gé e kúrò, kí ẹ fi sọ́kẹ́ẹ̀tì tuntun tí wáyà rẹ̀ nípọn bíi ti àkọ́kọ́ rọ́pò, kí ẹ fi irin ìsopọ̀ fún ojú wáyà méjèèjì pọ̀ le. Ẹ má kàn lọ́ ọ kí ẹ fi téèpù wé e.

Tí gílóòbù bá kú pẹ̀lú fáànù, iná kò dé bulówà nìyẹn, ẹ wá ibi tó ti já lójú ọ̀nà rẹ̀. Ẹ fi rílè mìíràn, ìyẹn ṣíìṣì kékeré tó ń tan iná sí fáànù, tí nọ́ńbà rẹ̀ bá ti àkọ́kọ́ mu dán an wò. Ẹ mi kọ́kọ́rọ́ tí ẹ fi ń ṣáná ọkọ̀ díẹ̀ nínú ihò rẹ̀. Bí fáànù bá sọjí, ibẹ̀ ló wà. Fún éètì, ìyẹn ọ̀nà tí iná ń gbà padà sí bátìrì láti ara irin ọkọ̀, ẹ fi mítà sáàárín négétíìfù bátìrì àti ibi tí wáyà éètì fáànù ti wọ irin ọkọ̀, nígbà tí fáànù ń fẹ́ gan-an. Tó bá ju 0.2 fóòtì lọ, ẹ tú u, ẹ ha ìpẹta rẹ̀, kí ẹ dè é le.

Tó bá jẹ́ ipò kékeré nìkan ló ń kú tí èyí tó le jù ń fẹ́, rẹsítọ̀ ni, ìyẹn ohun tó ń dín iná fáànù kù ní ipò kékeré. Atẹ́gùn fáànù ló ń tù ú lára, nítorí náà bí fílítà inú ọkọ̀ bá dí, á jó. Ọkọ̀ tó ń fúnra rẹ̀ yan ìwọ̀n òtútù kì í sábà ní rẹsítọ̀ yìí, módù, ìyẹn ẹ̀rọ iná kékeré kan, ló ń darí fáànù. Ẹ má fi gílóòbù kan wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ rẹ̀ rárá. Ẹ má sì fi fíúùsì 40 sípò 30, torí wáyà ló máa jóná ṣáájú.

Lẹ́yìn àtúnṣe, ẹ jẹ́ kí fáànù fẹ́ ní ipò tó le jù fún 20 ìṣẹ́jú, kí ẹ wá pa á, kí ẹ fọwọ́ kan sọ́kẹ́ẹ̀tì. Lílọ́wọ́ọ́wọ́ kò burú. Bí ìka yín kò bá lè dúró lórí rẹ̀, ìdènà ṣì wà níbẹ̀.