Fóònù ní òjò rọ̀, kòkó mi gbẹ: kí ni sátẹ́láìtì rí?

Ìbéèrè: Oko mi wà lẹ́yìn Iléṣà. Mo ń sá kòkó lọ́wọ́ nígbà tí ọmọ mi yẹ fóònù wò, ó ní àwòrán sátẹ́láìtì fi hàn pé òjò rọ̀ ládùúgbò wa lánàá. Bẹ́ẹ̀ òjò kankan ò kán sórí kòkó mi. Ṣé kí n ṣì máa gbà á gbọ́?

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́ oko, bàbá. Ọmọ yín ò purọ́, àmọ́ oko yín nìkan kọ́ ni àwòrán yẹn ń sọ. IMERG, irú àkọsílẹ̀ òjò bẹ́ẹ̀ tí NASA, àjọ òfurufú Amẹ́ríkà, ń kó jọ látara ọ̀pọ̀ sátẹ́láìtì, pín ilẹ̀ sí abala-abala tí ìbú ọ̀kọ̀ọ̀kan tó nǹkan bíi kìlómítà 11. Iye kan ṣoṣo ni abala kan ń gbà ní ìṣẹ́jú 30-30. Bí ọ̀wààrà bá rọ̀ lápá kan tí apá kejì gbẹ táútáú, wọ́n á pín in kárí ni. Agolo tí mo fi ń gba òjò ní Ifẹ̀ ti kún dé ìdajì rí lọ́jọ́ tí ti ẹnìkejì mi ní Mọdákẹ́kẹ́ ò rí nǹkan kan.

Báwo ni sátẹ́láìtì ṣe ń rí òjò? Sátẹ́láìtì Meteosat, tó wà lókè ní kìlómítà 36,000, ń wo bí orí àwọsánmà ṣe tutù tó. Ẹ sì mọ̀ pé òjò lè ṣú dẹ̀dẹ̀ kó má rọ̀. Sátẹ́láìtì GPM, tí Amẹ́ríkà àti Japan jọ gbé lọ sókè ní oṣù Kejì 2014, ní rédà tó ń wo inú òjò gan-an. Ibẹ̀ ló ti dùn mọ́ mi jù: òjò ńlá tó ń rọ̀ ní Iléṣà, yìnyín ni púpọ̀ nínú rẹ̀ lókè. Ní nǹkan bíi kìlómítà 5 sókè ló ti ń yọ́, rédà sì ń rí ibi tó ti ń yọ́ bí ìlà tó mọ́lẹ̀ yanran. Nílùú olótùútù, kì í yọ́ kó tó balẹ̀. Òun ni wọ́n ń pè ní sìnó.

Yìnyín yẹn ni ọ̀pọ̀ irinṣẹ́ sátẹ́láìtì yòókù fi ń dá òjò mọ̀ lórí ilẹ̀. Nítorí náà, òjò wínníwínní oṣù Kẹjọ, tó ń bọ́ látinú àwọsánmà ìsàlẹ̀ tí kò ní yìnyín, lè bọ́ mọ́ wọn lójú. Èyí ni kí ẹ ṣọ́ra fún jù, torí òun ló ń mú kí kòkó hu.

Ẹ má fi àwòrán yẹn pinnu ìgbà tí ẹ ó bo kòkó. Èyí tó yá jù nínú IMERG ṣì ń pẹ́ tó wákàtí mẹ́rin. Àròpọ̀ oṣù kan ni kí ẹ fi í wò, láti mọ̀ bóyá òjò ọdún yìí dín sí tèṣí. Ẹ gbé agolo tí ẹnu àti ìdí rẹ̀ ṣe déédéé sí gbangba, kó jìnnà sí igi. Láago méje àárọ̀, ẹ ti rúlà bọ̀ ọ́, ẹ kọ iye mìlímítà sílẹ̀, kí ẹ sì da omi náà nù. Mìlímítà 1 jẹ́ lítà omi kan lórí ilẹ̀ tó fẹ̀ ní mítà kan níbùú lóròó. Tóṣù bá parí, kí ọmọ yín fi wé ti fóònù.